Kì í Ṣe Mélòó, Èwo Ni

Hanus gbé ẹja náà wá nínú ọ̀rá aláwọ̀ búlúù,
omi yìnyín ń kán tẹ̀lé e láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí tábìlì mi.
Brosma ni, elérèké kíki, ọmọ ìsàlẹ̀ ibú,
èyí tó ti gbó sínú òkùnkùn kí ìwọ̀ tó fà á yọ.
"Marjun," ó ní, "Sunnvá ọmọ ọmọ mi lóyún oṣù kẹrin.
Gbogbo ìgbà tó bá wá kí mi, brosma ló ń bèèrè.
Wọ́n ní májèlé wà nínú rẹ̀. Ṣé ó wà ni, àbí kò sí?"
Ó ṣí fìlà, ó jókòó. Ó rò pé ìdáhùn kò ní pẹ́.

Mo gé e lẹ́yìn, níbi tí ẹran ti funfun jù,
mo fi òtútù fa omi ara rẹ̀ gbẹ,
mo lọ̀ ọ́ kúnná bí àtíkè,
mo wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n tí èémí lásán ń dà láàmú.
Ásíìdì jẹ ìyókù. Kò sí brosma mọ́,
omi tó mọ́ gaara ló kù nínú ìgò.

Ẹ̀rọ ńlá wa ní iná kan níkùn tó gbóná ju ojú oòrùn lọ;
ohun tó bá wọ ibẹ̀ kì í rántí orúkọ ìdílé rẹ̀ mọ́.
Ó ka ásẹ́níìkì: ó pọ̀.
Ó ka mẹ́kúrì: ó kéré, bí ìgbà tí ènìyàn tutọ́ sódò.
Ká ní ibẹ̀ ni mo dúró sí ni,
ǹ bá ti sáré ní kí bàbá arúgbó da ẹja nù nítorí ásẹ́níìkì,
ǹ bá sì ti fi nọ́ńbà tó jẹ́ òótọ́ pa irọ́.

Nítorí ásẹ́níìkì kì í ṣe ẹnì kan.
Ilé kan náà ni wọ́n ti jáde, ìwà wọn ò jọra:
ọ̀kan ń pa ọba nínú ọtí lórí àga,
ọ̀kan ń gba inú ẹni kọjá bí àlejò onítìjú,
kò ṣí ìkòkò wò, kò bèèrè omi,
ilẹ̀ mọ́, ó ti bá ìtọ̀ lọ.

Mo tún mú ẹran mìíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ásíìdì líle.
Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, àti sùúrù,
kí ohun tó so wọ́n pọ̀ má baà já mọ́ mi lọ́wọ́.
Mo dà wọ́n sẹ́nu ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan.
Nínú ibẹ̀ oníkálukú ń rìn bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe mọ̀:
ẹni tí ara rẹ̀ fúyẹ́ sáré,
ẹni tó ń bá ògiri ṣọ̀rẹ́ fà sẹ́yìn.
Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń kà wọ́n.

Òkè kan yọ lójú kọ̀ǹpútà, gíga bí èyí tó wà lẹ́yìn Klaksvík.
Àlejò onítìjú ni. Òun nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ ni gbogbo ásẹ́níìkì inú ẹja.
Níbi tó yẹ kí apani wà, ilà náà tẹ́jú pẹrẹsẹ.
Mo rẹ́rìn-ín. Ọ̀sán ni, ilẹ̀ sì ti ṣú lóde.

Mo wá yí sí mẹ́kúrì.
Òkè kékeré, bí ẹni fi èékánná gbé ilà sókè,
ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ pátá ló ti wọ ẹ̀wù mẹ́táìlì,
ẹ̀wù tí wọ́n ń rí tí wọ́n fi ń ṣílẹ̀kùn ọpọlọ,
tí wọ́n fi ń ṣílẹ̀kùn ilé ọmọ.
Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni Hanus padà wá gba ìwé.
Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó fi ìka tẹ nọ́ńbà tó ga jù.
"Èyí ńkọ́?" Mo ní kò ní ṣe nǹkan kan.
"Kékeré ìsàlẹ̀ yìí wá ńkọ́?"
Mo dákẹ́ díẹ̀. Mo ní kí ẹ máa jẹ tiyín, bàbá,
kí Sunnvá yẹra fún un títí ọmọ yóò fi já lẹ́nu ọmú.

Ó ká ìwé náà sápò. Ó wo èbúté láti ojú fèrèsé, ó pẹ́.
"Ọjọ́ Sátidé ló ń bọ̀," ó ní.
"Kí ni kí n wá sè fún un?"